HAROLD EDGERTON: OLÙKỌ́ TÓ SỌ ÒKÙNKÙN DI Ọ̀RẸ́ KÁMẸ́RÀ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àwọn fọ́tò àtijọ́ yín wò. Gbogbo èyí tí a jókòó yà ló mọ́ kedere. Fọ́tò bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹni tó gbá góòlù wọlé ti di òjìji, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ hàn. Ẹ má dá ẹni tó yà á lẹ́bi. Ní Ìdógò níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀, kì í pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí pẹ́ kó lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà, ẹni tó ń sáré á ti kúrò níbi tó wà. Bó bá sì tètè pa dé, òkùnkùn lásán ni ẹ ó bá nínú fọ́tò. Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe dọjọ́ ikú.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1903 ni wọ́n bí Harold Edgerton ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó jẹ́ ayàfọ́tò ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà láti kékeré. Ó gboyè ní yunifásítì Nebraska ní 1925, ó sì lọ sí MIT ní Massachusetts láti kọ́ nípa iná mànàmáná. Níbi tó ti ń wo ẹ̀rọ tó ń yí bírí, ó rí i pé bí iná kan bá ń ṣẹ́ yẹ̀rì ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú yíyí rẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rọ náà máa ń dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Ó ṣe iná tó ń kó agbára jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń pọn omi sínú àmù, tó sì ń tú gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìtànná náà kì í pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú òkùnkùn, kí kámẹ́rà ṣílẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí iná bá ṣẹ́ nìkan ló ń ríran. Òkùnkùn tí à ń sá fún wá di olùrànlọ́wọ́! Ní 1934, ó ya Wes Fesler níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí bí imú bàtà ṣe rì wọnú bọ́ọ̀lù, ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí láéláé.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe é o. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ méjì, Kenneth Germeshausen àti Herbert Grier, ló bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1947, wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ EG&G sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ohun tó dára lè bá ogun lọ. Ní 1944, inú ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ti fi iná rẹ̀ ya ilẹ̀ Normandy lóru, kí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, òun àti ilé-iṣẹ́ náà ya àdó olóró átọ́míìkì níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Iná kan náà ló sì bá Jacques Cousteau wọ ìsàlẹ̀ òkun, tí àwọn atukọ̀ fi ń pè é ní Papa Flash.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, kò fi kíláàsì sílẹ̀. MIT ló wà títí ikú fi dé bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1990, lẹ́ni ọdún 86.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù àpéjọ wa bá bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ má dúró lókèèrè ya fọ́tò. Bí ẹ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì yín ló máa débẹ̀. Ẹ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá, àmọ́ ẹ má tàn án sójú gólì o! Bí fọ́tò bá sì jáde dáadáa, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín. Ṣebí olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé ló jọ ṣe iná náà.