TESILIMI BALÓGUN: ÀÀRÁ TÍ Ó SÁN DÉ ÌLÚ ỌBA

Ní ọdọọdún ni à ń ka ìtàn àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnì kan wà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó fi wá orúkọ, tí gbogbo Èkó sì ń pariwo rẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Tesilimi Balógun ni ẹni náà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bàrígà ni mo ti dàgbà. Ẹni tí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà Yunifásítì ní Akọka dé ọ̀dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yóò bá àwọn ọmọdé níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù felele ní àárín títì. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ni wọ́n fi ṣe ojú ilé. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, wọn a gbé òkúta kúrò. Bí ó bá kọjá tán, wọn a gbé e padà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní òkè òkun lọ́kàn. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ni Tesilimi Balógun. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé orúkọ pápá ìṣeré kan ni, ní Sùúrùlérè. Ọ̀kan tilẹ̀ rò pé ó ti ṣe gómìnà rí.

Àwọn àgbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tiwọn náà ní àbùmọ́ nínú. Bàbá kan tí ó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀, pa ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí mo dárúkọ ọkùnrin yìí. Ó ní bí Balógun bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọ̀n a máa ya. Ó ní aṣọ́lé tí ó bá fi àyà gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, ilé ìwòsàn ni yóò sùn. Ó ní ìjọba pàṣẹ kí wọ́n so aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kí ó má baà fi ẹsẹ̀ náà pa ènìyàn. Bàbá náà kò rí i kí ó gbá bọ́ọ̀lù rí o. Bàbá tirẹ̀ ni ó sọ fún un.

Àwa tí à ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn mọ irú ìtàn báyìí dáadáa. Ìtàn aṣọ tí a so mọ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe ti Balógun nìkan. Mo ti gbọ́ ọ nípa agbábọ́ọ̀lù mìíràn pẹ̀lú. Ẹ sì rántí èyí tí gbogbo wa gbọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé Íńdíà gbá góòlù 99 wọlé Nàìjíríà, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Nàìjíríà rí dá padà, pé Samuel Okwaraji ni ó gbá ẹyọ kan náà, tí ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Ìdíje náà kò wáyé rí. Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù àárín tí ó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Jámánì, ṣubú ní pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà figagbága; ọkàn rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ikú náà dun àwọn òbí wa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àìsàn ọkàn kò fi tó ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Wọ́n wá ọ̀tá tí ó ní oògùn lọ sí Íńdíà.

Ti Balógun tilẹ̀ tètè yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Thunder ni àwọn òǹwòran ń pè é, ààrá ni ìyẹn. A ó wá fi ààrá pe ènìyàn láàárín Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ Ṣàngó má yọjú? Orúkọ Mùsùlùmí ni Tesilimi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kún etí pápá kò bèèrè ẹ̀sìn kí wọ́n tó kì í. Bí a ti sọ ọba Ọ̀yọ́ kan di òrìṣà tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a sọ ọmọ Èkó kan di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù ya àwọ̀n. Mi ò bá àwọn àgbà jà. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé àbùmọ́ ti fẹ́ bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ṣe ní tòótọ́ tó ohun tí a lè máa ròyìn.

Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1927. Port Harcourt ni ó ti kàwé, ní ilé ìwé St. Mary's ti àwọn Kátólíìkì. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Apapa Bombers, fún Marine, fún Railway, àti fún PAN Bank. Ó sì gbá a ní Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Bí ẹ bá wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ẹ ó rí i pé orúkọ iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kò sí ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù nìkan jẹun ní Nàìjíríà láyé ìgbà náà. Rélùwéè ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi ní tiwọn, ilé ìfowópamọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọn a wá iṣẹ́ fún un. A ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́, a sì bọ́ sí pápá. Ife tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tí ó di Challenge Cup lẹ́yìn náà, ni gbogbo wọn ń lé. Railway jẹ gàba lé e lórí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Balógun sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Pápá King George ní Oníkan ni ọjà ńlá bọ́ọ̀lù nígbà náà. Iwájú gan-an, ní àárín, ni Balógun máa ń wà. Ọkùnrin gíga ni, agbára sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí kò nílò àbùmọ́ rárá. Kì í ṣe òun nìkan ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ni ó dúró.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Apapa lọ sí Ìlú Ọba. Etim Henshaw ni olórí wọn, Balógun sì wà lára wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ tí a ṣà jọ láti gbogbo Nàìjíríà yóò gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ òyìnbó. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá a. Báńdéèjì ni wọ́n wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ní Crosby, nítòsí Liverpool, wọ́n na ẹgbẹ́ ibẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Marine, ní góòlù 5 sí 2. Ẹ fojú inú wo àwọn òyìnbó tí wọ́n dúró nínú òtútù tí wọ́n ń wo ọmọlẹ́sẹ̀ lásán tí ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ bàtà onírin! Gbogbo ọjọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nínú ìdíje mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà sí Freetown ní oṣù kẹwàá, wọ́n na Sàró ní 2 sí 0. Ìdíje yẹn ni ìwé kọ sílẹ̀ pé Nàìjíríà kọ́kọ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, Balógun tún padà sí Ìlú Ọba. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Ó lọ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ gbà á. George Swindin, ẹni tí ó ti ṣọ́lé fún Arsenal tẹ́lẹ̀, ni olùdarí wọn, inú Midland League ni wọ́n sì wà, nítorí pé wọn kò tíì gbà wọ́n sínú líìgì ńlá. Ó lo sáà kan níbẹ̀. Ní 1956 ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wà ní ìpele kẹta ti ìhà gúúsù. Ibẹ̀ ni ó ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbá góòlù wọlé Watford ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wọ pápá fún wọn. Ní òpin sáà náà, ìdíje líìgì 13 ni ó ti gbá, góòlù 3 ni ó sì jẹ. Ní 1957 ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Mẹ́tàlá, mẹ́ta. Níhìn-ín ni àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ṣé gbogbo ààrá náà nìyí? Wọ́n á ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ń jẹ góòlù jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí láàárín oṣù méjì.

Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n nípa ọjọ́ orí. Ẹni tí a bí ní 1927 ti súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún ní 1956, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti ń ronú ibi tí wọn yóò fi ẹ̀yìn tì sí. Awọ ni bọ́ọ̀lù ìgbà náà, okùn ni wọ́n fi dì í, bí òjò bá sì rọ̀, a máa fa omi mu títí yóò fi wúwo bí ẹrù. Ẹrẹ̀ kún pápá ní oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Ta ni ó sì dá wà bí tirẹ̀? Ní sáà kan náà, ní ìpele kan náà, Steve Mokone wá láti Gúúsù Áfíríkà sí Coventry City. Ìdíje 4 péré ni wọ́n jẹ́ kí ó gbá, góòlù 1 ni ó jẹ. Mokone kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Heracles ní Họ́láńdì, ibẹ̀ ni ó sì ti di ààyò àwọn òǹwòran. Ẹsẹ̀ kan náà ni o. Ẹni tí ó bá fi ìwé Coventry nìkan wọn Mokone yóò ṣì í wọ̀n.

Owó tilẹ̀ ńkọ́? Òfin wà nígbà náà pé ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì ńlá kò gbọdọ̀ san ju pọ́n-ùn 15 lọ́sẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fagi lé gbèdéke náà. Nítorí náà, ọrọ̀ tí àwọn ọmọ Bàrígà ń lá lálàá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ fún Balógun láti kó bọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ẹrẹ̀ àti òtútù ṣe àwáwí fún un títí. Ohun tí ó dùn mí jù ni òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Òyìnbó ka ìdíje mẹ́tàlá rẹ̀, ó kọ wọ́n sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni sì lè rí wọn kà lónìí. Àwọn ọdún tí Balógun fi gbá bọ́ọ̀lù ní Oníkan, nígbà tí agbára rẹ̀ pé, ta ni ó ka góòlù ibẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún wa? Àwọn ìwé ìròyìn Èkó kọ nípa ìdíje, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí a lè ṣí kí a rí gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ibi tí àkọsílẹ̀ kò sí ni bàbá onítẹ̀wé ti rí àyè fi àwọ̀n tí ó ya sí. Bí mo bá máa yàn láàárín àwọ̀n tí ó ya àti mẹ́tàlá, mẹ́ta, mo rò pé bàbá náà súnmọ́ òtítọ́ jù àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ, bí kò tilẹ̀ sọ òtítọ́.

Balógun kò fi orí pamọ́ nígbà tí ó dé. Ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ní bọ́ọ̀lù, ó sì wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà; ohun tí ó wá fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nílé nìyẹn. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù keje, ọdún 1972. Ọdún márùn-dín-láàádọ́ta ni ó lò láyé.

Ní 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ìṣeré tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè. Ní 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ìbá ti gba oyè ní Yunifásítì kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Síbẹ̀, ní 2009, nígbà tí àwọn ọmọdé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá du ife àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti gbá a.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí àdúgbò wa díẹ̀. Ní ọdún 1956 kan náà tí Balógun wọ Queens Park Rangers, Father Denis Slattery, àlùfáà ọmọ Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀. Akọka níhìn-ín ni ilé ìwé náà wà. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé, tí wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Keshi gbá a dé Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì di olórí ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Bàrígà mọ Keshi. Mo sọ fún wọn pé ẹnì kan ti rin ọ̀nà náà ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú rẹ̀, nígbà tí kò sí aṣojú agbábọ́ọ̀lù, tí kò sí tẹlifíṣọ̀n tí ó lè fi í han ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwọ̀n ń ya.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbé lé èjìká ní Oníkan ní 1951 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní bàbá àgbà, ìyá àgbà tàbí alábàágbé tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí Tesilimi Balógun lórí pápá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. N óò wá bá wọn nílé, n óò sì gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání.