Felix Hoppe-Seyler, ọkùnrin tí ó fi ìmọ́lẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀

Ní Aguidi níbí, bí òtútù òjò bá mú, ẹlòmíràn a máa gbé àdògán èédú wọ inú yàrá, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Èédú tí ó ti pọ́n kì í rú èéfín, afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti inú rẹ̀ jáde kò sì ní òórùn. Síbẹ̀ ó lè pa ará ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ohun tí afẹ́fẹ́ yìí ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ hàn ni dókítà kan, ará Jámánì, Felix Hoppe-Seyler.

Ní ọdún 1825 ni a bí i, ní ìlú Freyburg. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ń jẹ́ Seyler, ni ó gbà á tọ́. Hoppe ni orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó fi orúkọ alágbàtọ́ rẹ̀ kún un. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òrukàn ní Halle, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.

Ní 1857, ó da afẹ́fẹ́ èédú pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn bá tán nínú rẹ̀ a máa dúdú. Ẹ̀jẹ̀ yìí kò dúdú rárá. Pupa fòò ni ó wà. Afẹ́fẹ́ èédú ti gba ipò ọ́síjìn, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ní Faransé, Claude Bernard rí ohun kan náà ní àkókò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lè mí mọ́ wá dà bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le!

Ojú lásán kò tó láti mọ ìyàtọ̀. Ní 1861, Hoppe-Seyler di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tübingen. Inú ààfin àtijọ́ kan ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó bu omi la ẹ̀jẹ̀, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ bí ti òṣùmàrè. Ní 1862, ó ròyìn ohun tí ó rí: ilà dúdú méjì láàrin àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ewé. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Bí ilà ojú ti ń fi ọmọ ìdílé hàn láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilà méjì yìí ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn.

Ní 1864, ó sọ ohun pupa tí ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ní hẹmoglóbìn. Ní ọdún yẹn kan náà, Stokes ní Gẹ̀ẹ́sì mú ọ́síjìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀: ilà méjì di ẹyọ kan. Ó po ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ afẹ́fẹ́, méjèèjì sì padà.

Láti 1872 ni Hoppe-Seyler ti ń ṣiṣẹ́ ní Strasbourg, ìlú tí Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ Faransé. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1895.

Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi há aláìsàn ní ìka lónìí, ọ̀nà yẹn ni ó ń tọ̀. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ méjì gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì tí ojú kò lè rí, ó sì ń wọn èyí tí ó kù. Ẹ̀jẹ̀ kì í kàn gbé ìmọ́lẹ̀ mì, ó tún ń fọ́n ọn ká. Nítorí náà, lára ènìyàn alààyè ni wọ́n ti ṣe òdiwọ̀n ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ èédú ń tàn án jẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tan ojú jẹ. Nọ́ọ̀sì tí ará ilé kò bá sọ ọ̀rọ̀ èédú fún lè ka 98 lórí ẹ̀rọ náà, kí ó sì rò pé èémí aláìsàn pé.