Frank Hornby: Ẹni Tó Fẹ́ Kí Gbogbo Nǹkan Bára Mu

 Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wa ní sáà tó kọjá. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì to ojú irin kékeré sórí tábìlì, a sì gbé ẹ́ńjìnnì rélùwéè ìṣeré lé e. Ọmọ kíláàsì wa kan ló mú ẹ́ńjìnnì náà wá. Bàbá àgbà rẹ̀ ló rà á nígbà tí wọ́n ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́. Ojú irin yẹn ní tirẹ̀ tuntun, ilé ẹlòmíì ló ti wá. Orúkọ Hornby ló wà lára páálí méjèèjì. Wíìlì ẹ́ńjìnnì bọ́ sójú irin wẹ́kú. La bá tan iná. Kò lọ! Iná pupa tàn lára àpótí tó ń pín iná, gbogbo rẹ̀ sì kú. A tún un tàn, ó tún kú. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín, ojú sì tì wá gan-an.

Tíṣà físíìsì wa ló wá là wá lóye pé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì, kò sì sí nǹkan tó ṣe ojú irin. Àwọn méjèèjì ni kò gbọ́ra yé. Báwo ni nǹkan méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ò ṣe ní gbọ́ra yé? Ìbéèrè yẹn ló mú mi lọ wádìí ẹni tó ni orúkọ náà.

Ìlú Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Frank Hornby sí ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1863. Oníṣòwò oúnjẹ ni bàbá rẹ̀. Frank ò kàwé jìnnà o. Ọmọ ọdún 16 ló wà tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, tó lọ ń bá bàbá rẹ̀ gba owó ní ibi òwò. Ní 1887 ó fẹ́ Clara Godefroy, tó jẹ́ tíṣà, wọ́n sì bí ọkùnrin méjì, Roland àti Douglas, àti obìnrin kan, Patricia. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1899, wọ́n ti ibi òwò náà pa. Frank wá di akọ̀wé owó lọ́dọ̀ David Elliott, oníṣòwò tó ń kó ẹran wọlé láti òkè òkun. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹnjiníà, kò sì wọ yunifásítì rí.

Lálẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó máa ń ṣe nǹkan ìṣeré fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. Ó ń gé páànù, ó ń fi kọ́ afárá, ọkọ̀ akẹ́rù àti kireni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó gé fún kireni, kireni nìkan ló wúlò fún. Tí kireni bá ti sú àwọn ọmọ, tí wọ́n ní afárá làwọn ń fẹ́, bàbá wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà, inú ọkọ̀ ojú irin ló wà lọ́jọ́ kan tí Kérésìmesì ku ọ̀la, nígbà tí ọgbọ́n náà sọ sí i lọ́kàn. Tí gbogbo páànù bá ní ihò, tí gbogbo ihò bá tóbi bákan náà, tí ihò kan sí èkejì bá jẹ́ ìdajì íǹṣì níbi gbogbo, èyíkéyìí á bá èyíkéyìí mu. Bóòtì àti nọ́ọ̀tì kan náà á so gbogbo wọn pọ̀. Ohun tó jẹ́ kireni láàárọ̀ lè di afárá lọ́sàn-án.

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ọgbọ́n ọkùnrin yìí kò ju pé kó fẹnu kò pẹ̀lú ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kan, kó má sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìjọba tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì jí iṣẹ́ náà ṣe, àmọ́ kò sówó. Elliott, ọ̀gá rẹ̀, ló yá a ní pọ́n-ùn 5. Ní 1901 ló gba ìwé náà. Elliott tún fún un ní àyè kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn, àwọn méjèèjì sì jọ dòwò pọ̀. Ní 1902, nǹkan ìṣeré náà dé ọjà: oríṣi ẹ̀yà 16 nínú páálí kan, ní ṣílè 7 àti pẹ́nsì 6. Ní 1907 ó sọ ọ́ ní Meccano, ó fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1914, ilé-iṣẹ́ ńlá ti wà lójú pópó Binns Road ní Liverpool, ibi tí ẹrù ti ń lọ sí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ ra nǹkan ìṣeré Jámánì mọ́, bẹ́ẹ̀ Jámánì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rélùwéè ìṣeré tẹ́lẹ̀. Hornby rí àyè yẹn. Ní 1920 ó gbé rélùwéè tirẹ̀ jáde. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń wá sípíríǹgì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, bóòtì àti nọ́ọ̀tì sì ni wọ́n fi kàn án pọ̀, kí ọmọ lè tú u kó sì tún un tò bíi Meccano. Ní ti ìbú ojú irin, kò ní òun máa dá tòun yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Märklin ti Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà pe ìbú ojú irin ìṣeré láti 1891. Nígbà tí Hornby fi máa dé, èyí tí wọ́n ń pè ní 0, tó jẹ́ mìlímítà 32, ti wọ́pọ̀. Òun náà mú un lò.

Àmọ́ ibi tí ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 1925 ó ṣe èyí tó ń lo iná mànàmáná. Iná ilé gan-an ló kọ́kọ́ gbà wọ ojú irin, gílóòbù kan ló kàn ń dín agbára rẹ̀ kù. Ewu ńlá ni fún ọmọdé! Wọ́n pa ìyẹn tì. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ti fóòtì 4, ti fóòtì 6, àti ti fóòtì 20. Ojú irin kan náà ni gbogbo wọn ń lò, mìlímítà 32, àmọ́ ẹ́ńjìnnì fóòtì 6 tí a bá gbé sórí iná fóòtì 20 á jóná ni. Ẹni tó fi ihò ìdajì íǹṣì so gbogbo nǹkan pọ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ gan-an ò bára wọn mu tán mọ́.

Ní 1931 àwọn ará Everton ní Liverpool yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ṣe é títí di 1935. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1936, ní ẹni ọdún 73. Maghull, nítòsí Liverpool, ni wọ́n sin ín sí. Akọ̀wé tó yá pọ́n-ùn 5 ti di olówó ńlá kó tó kú.

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1938, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Hornby Dublo jáde. Èyí kéré gan-an: ìbú ojú irin rẹ̀ kò ju mìlímítà 16.5. Irú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bàbá àgbà ọ̀rẹ́ wa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ṣe é.

Iná mànàmáná nílò ọ̀nà méjì: àlọ àti àbọ̀. Ojú irin Dublo ìgbà yẹn ní irin mẹ́ta. Iná ń gba irin àárín lọ, ó ń gba méjì ẹ̀gbẹ́ bọ̀. Nítorí náà kò sí ohun tó burú tí irin bá so wíìlì ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì. Àǹfààní tún wà níbẹ̀: ojú irin lè ṣẹ́rí padà bá ara rẹ̀ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n àwọn Tri-ang, tí wọ́n jọ ń du ọjà, irin méjì péré ni tiwọn ní. Iná ń gba irin kan lọ, ó ń gba èkejì bọ̀, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi ike ya wíìlì ọ̀tún kúrò lára tòsì. Ní 1959 Dublo náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe onírin méjì, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ní 1964 ilé-iṣẹ́ tó ni Tri-ang ra Meccano, ó sì gbé orúkọ Hornby lé rélùwéè tirẹ̀.

Ó ti yé yín báyìí, àbí? Orúkọ kan náà ni, ìran wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí a gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sórí irin méjì, wíìlì rẹ̀ so àlọ mọ́ àbọ̀, iná gba ibẹ̀ kọjá láì dé inú mọ́tò rárá. Ṣọ́ọ̀tì nìyẹn! Ká ní òdìkejì la ṣe, tí a gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sórí irin mẹ́ta, irin méjì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ọ̀nà kan náà, iná ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kàn jókòó bí òkúta ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì lé ojú irin, kó kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìbú wọn dọ́gba? Ibo ni ẹ́ńjìnnì ti ń gba iná? Irú iná wo ló ń lò, fóòtì mélòó? Ìbú nìkan la wò lọ́jọ́ yẹn.

Àwa ọmọ Abẹ́òkúta ò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ìṣeré lásán ni. Ojú irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́nwá kọjá, mìlímítà 1,067 ni ìbú rẹ̀. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, mìlímítà 1,435 ni. Ẹ́ńjìnnì ti ibí ò lè dé ọ̀hún láé. Ẹrù tó bá fẹ́ ti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un dì. Ẹ tún gbé ìṣirò yìí wò: ẹ fi 87 pín 1,435. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 16.5 gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣeré ti mú ìbú ojú irin kékeré yẹn.

Ọmọ ìka ò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ sáyẹ́ǹsì ń bọ̀, SS1A àti SS1B ló sì máa kọ́ afárá onípáálí, kíláàsì kan á kọ́ ìdajì, èkejì á kọ́ ìdajì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó mú sísọ́ọ̀sì, ẹ pàdé, ẹ fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí àwọn òbí tún wá fi wá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì.