Ed Roberts: ẹni tí wọ́n ní kò lè ṣiṣẹ́

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn, ó sì lè tì í mọ́ ọn. Ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ sínú ìwé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1939 ni wọ́n bí Edward Roberts ní San Mateo, ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Ed ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní 1953, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tó jáde. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ìka díẹ̀ ló kù tó lè gbé, ẹ̀rọ irin ńlá kan ló sì ń bá a mí. Ó gbọ́ tí dókítà ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ikú ì bá sàn fún un.

Tẹlifóònù ló fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́ láti ilé. Nígbà tó parí, ilé-ìwé kọ̀ láti fún un ní ìwé-ẹ̀rí, nítorí kò ṣe eré ìdárayá, kò sì kọ́ ọkọ̀ wíwà! Ìyá rẹ̀, Zona, bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà.

Ní 1962 ó fẹ́ wọ Yunifásítì Berkeley. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà ní California tó ń sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbà pé yóò rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ wọn kọ ọ́ pé kò sí ìrètí iṣẹ́ fún Ed. Ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ojú tì wọ́n, wọ́n sì san owó náà.

Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ẹ̀rọ rẹ̀, tó wúwo tó kílò 360. Ilé-ìwòsàn Cowell tó wà nínú yunifásítì ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Láìpẹ́, àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn bá a níbẹ̀; John Hessler ló kọ́kọ́ dé. Owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n fi ń gba àwọn tó ń gbé wọn dìde, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń bọ́ wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń yan òṣìṣẹ́ wọn, àwọn ló sì ń lé ẹni tí kò ṣe dáadáa. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti là pé ẹni tó ń gba ìrànwọ́ lè jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan fẹ́ lé méjì nínú wọn kúrò, gbogbo wọn jọ dìde, òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n gbé kúrò níbẹ̀.

Ed gba ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní 1964, ó gba èkejì ní 1966. Ní 1972, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Berkeley tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn ń darí. Ed padà di olórí rẹ̀. Nígbà tó di 1975, gómìnà Jerry Brown fi í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó sọ pé kò lè ṣiṣẹ́ yẹn gan-an! Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1995, lẹ́ni ọdún 56.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, nínú èdè wa, a máa ń pe ènìyàn ní arọ bí ẹni pé orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Faransé tí a fi kàwé náà ní invalide. Kí a tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó lè ṣe. Ibi tí a ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni.