Constantine Ọba Róòmù àti Owó Idẹ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, odò Thames tó kọjá lọ́dọ̀ wa ní Moorings níbí, àárín London ló gbà kọjá wá. Ní London yẹn ni wọ́n ti rọ owó idẹ fún Constantine.

Ọdún 306 ni bàbá rẹ̀ kú ní York, tí àwọn ọmọ ogun fi í jọba. Ojú rẹ̀ wà lápá kan owó náà. Òrìṣà Oòrùn wà lápá kejì, ó dé adé onítànṣán, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ní 312 ó ṣẹ́gun ní Róòmù, ó ní Kristi ló ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó o, Oòrùn ò tíì kúrò lára owó! Ta ló wá ń sìn gan-an? Ó tó nǹkan bí 327 kí owó idẹ kan tó jáde ní Constantinople, tí àmì Kristi wà lórí ọ̀págun, tí ìdí ọ̀págun náà gún ejò. Ìrìbọmi ńkọ́? Ó di 337, nígbà tí àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n rọ òmíràn: ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ọwọ́ kan nà láti ọ̀run wá pàdé rẹ̀.