Paul Anderson: Ibà, irin àti òfin tó sọ ọ́ di olúborí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà lè má gba ibẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí Paul Anderson lára ní ìlú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, lọ́dún 1956. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí sìgbọnlẹ̀ gba góòlù nítorí pé ó fúyẹ́ ju ẹni tí wọ́n jọ figagbága lọ.

Ìlú Toccoa, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 1932. Láti kékeré ni àrùn kíndìnrín ti ń bá a fínra.

Lóṣù Kẹfà ọdún 1955, ó bá ikọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Moscow, lásìkò tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti Rọ́ṣíà ń wo ara wọn bí ológbò àti eku. Nínú òjò, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, Alexey Medvedev tó jẹ́ akọni Rọ́ṣíà fi apá ti irin 150 kílò sókè. Anderson ti 182.5. Ẹnu ya gbogbo èrò. Lọ́dún yẹn kan náà ló gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé ní Munich, nílẹ̀ Jámánì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé irin nígbà náà. Èkíní ni títì: apá nìkan ni yóò ti irin láti àyà lọ sókè, eékún kò gbọdọ̀ tẹ̀. Èkejì ni kí a gbé e láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta ni kí a gbé e dé àyà, kí a wá fi agbára ẹsẹ̀ gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè gbìyànjú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ títì kúrò lẹ́yìn Òlíńpíìkì ọdún 1972, nítorí ó ṣòro fún àwọn adájọ́ láti mọ ẹni tó pa òfin mọ́.

Ní Melbourne, ibà dé Anderson mọ́lẹ̀. Humberto Selvetti, ọmọ Argentina, fi kílò 7.5 ṣíwájú rẹ̀ nínú títì, àwọn méjèèjì sì gbé 145 nínú èkejì. Selvetti gbé 180 nínú ẹ̀kẹta, àpapọ̀ tirẹ̀ di 500.

Anderson ní kí wọ́n gbé 187.5 kalẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé ṣe. Ó tún un ṣe, pàbó ni. Bí ẹ̀kẹta bá tún já sí òfo, kò ní ní àpapọ̀ kankan. Ó gbé e, òun náà di 500.

Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá fúyẹ́ jù ló borí. Anderson wọn nǹkan bíi kílò 138, Selvetti sì lé ní 143. Òfin yẹn kò sí mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó àpapọ̀ náà jọ ló ń borí báyìí. Bó bá jẹ́ ti òde òní ni, Selvetti ni ì bá gba góòlù.

Lẹ́yìn èyí, Anderson bẹ̀rẹ̀ sí gbowó fún eré agbára. Òfin kò sì gba irú wọn láyè nígbà náà, ìdí nìyẹn tí kò fi lọ sí Òlíńpíìkì Róòmù lọ́dún 1960. Wọ́n ní lọ́dún 1957, ó fi ẹ̀yìn gbé ohun tó lé ní 2,800 kílò. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kan, ó sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀rí kò tó.

Lọ́dún 1961, òun àti ìyàwó rẹ̀, Glenda, dá ilé sílẹ̀ ní Vidalia, ní Georgia, fún àwọn ọmọkùnrin tó ti wọ gàù òfin. Owó eré agbára ló fi ń bọ́ wọn. Lọ́dún 1983, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fún un ní kíndìnrín kan.

Ó jáde láyé lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1994, lẹ́ni ọdún 61. Ilé tó kọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀ títí dòní.