KÌ Í ṢE IKÚ, ÌDÁǸDÈ NI

Bíbélì Kíkà: Orin Dáfídì 42

Olùfẹ́, ǹjẹ́ o ti jí láàárọ̀ rí, tí ọkàn rẹ ń sọ fún ọ pé kò sí ire kankan nínú ọjọ́ náà? Wo ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Ọmọdé ni nígbà tí àwọn akónilẹ́rú kọ lu Òṣoògùn, ìlú rẹ̀, ní ọdún 1821. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àìsàn dé. Ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lóru, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ní èbúté tí omi ẹ̀gbẹ́ Kirikiri yìí ń ṣàn lọ bá. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, lé wọn bá, ó sì gbà wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n rò pé orí ènìyàn ni. Inú ìdáǹdè ni wọ́n wà, ikú ni ojú wọn ń rí! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn wò dáadáa ni àyà wọn tó balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àìnírètí ṣe ń ṣe ọkàn tí ìyà ti jẹ pẹ́. Ó ń sọ ìrànlọ́wọ́ di ọ̀tá, ó sì ń lé oorun lọ lójú ẹni.

Àjàyí kọ́ ìwé ní Freetown, ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ni ó sì ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ìrètí kò ní kí ìyà má dé mọ́: ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi àbùkù kàn án nínú iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ ó di Olúwa mú títí ó fi sùn ní 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Ìwọ tí ọmọ rẹ wà lẹ́yìn odi ẹ̀wọ̀n Kirikiri, ìwọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ ní Àpápá, má ṣe dúró lókèèrè kí o máa bẹ̀rù. Sún mọ́ ọn wò. Bí ó bá sì ń ṣe ọ́ bíi kí o kú, má dá a gbé. Sọ fún pásítọ̀ tàbí ẹbí rẹ lónìí, sì lọ rí dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àdúrà: Baba, má jẹ́ kí n pe ìdáǹdè mi ní ikú, ní orúkọ Jésù. Àmín.